Mo Ní Kí Ọmọ Mi Ṣe Bí Ẹni Tí Kò Mọ̀ Mí

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi tán tí ẹ bú mi, mo gbà. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ báyìí, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jọ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ó jọ ọgbọ́n.

Gyeong-ran lorúkọ mi, àmọ́ Màmá Narae ni gbogbo àdúgbò wa ní Busan ń pè mí. Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja lílọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń dín in nínú epo gbígbóná láti àárọ̀. Kiho ọkọ mi jẹ́ wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Geoje, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wálé. Narae ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kìíní lọ́dún yìí ni. Àbúrò rẹ̀, Taeo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, àgídí rẹ̀ sì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Narae ò tíì lò ju oṣù kan lọ nílé ìwé tó fi dé sílé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mọ́mì, kí ni wọ́n ń pè ní Alágbe Ojoojúmọ́?"

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìyá tó lọ́mọ nílé ìwé ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kì í pa ọjọ́ kankan jẹ nílé ìwé ni wọ́n ń bú bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn òbí rẹ̀ kò lówó tí wọ́n á fi mú un lọ sí ìlú òkèèrè bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tiwa, ẹ̀bùn ni wọ́n máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ayé ti yí padà.

Orí mi gbóná. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pe Kiho pé mò ń mú àwọn ọmọ lọ sí Osaka, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, a ó wọ̀ ọ́ bọ̀, ọjọ́ mélòó kan péré ni.

"Lọ," ó ní. "Èmi ò ní lè tẹ̀lé yín, iṣẹ́ wà lọ́rùn mi. Àmọ́ Màmá Narae, mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lè fún epo jáde lára òkúta. Ṣọ́ owó ná sí ara tìẹ. Má ṣọ́ ọ ná sí ara àwọn ọmọ."

"Mo gbọ́, Bàbá Narae."

"Ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbádùn."

Mo ṣèlérí o. Ẹ fi sọ́kàn.

Màmá Dain ló ń gbé lókè wa. Obìnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti lọ sí Japan lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó rí mi tí mò ń kọ iye tí ọkọ̀ ojú irin máa gbà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ Màmá Narae yìí, o gọ̀ o! Ta ló ní kó o sanwó Narae?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́fà láti oṣù kọkànlá. Ó sì ti wọlé ìwé."

"Ta ló máa mọ̀? Wo ọmọ rẹ, pẹ́ńpẹ́ báyìí! Lọ́hùn-ún, ọmọ ọdún márùn-ún kì í sanwó ọkọ̀ ojú irin. Á kàn máa rìn wọlé lẹ́yìn rẹ ni. Ilé oúnjẹ àjẹyó gan-an, ọ̀fẹ́. Dain mi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún fún ọdún méjì gbáko ni, kí ló ṣe é?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò dáa. Mo tún bi í pé ṣé wọn ò ní béèrè ìwé ìrìnnà. Ẹ̀yin náà rí i, ẹni tó bá ti ń béèrè bẹ́ẹ̀ ti gbà tán.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kan lọ́dọ̀ wa. Láyé àwọn ìyá wa, ọmọ ti pé ọdún kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, gbogbo ìlú sì jọ ń fi ọdún kan kún un lọ́jọ́ ọdún tuntun. Ìjọba ti ní ká fi ìyẹn sílẹ̀, àmọ́ ìyá ọkọ mi ò gbọ́ ti ìjọba. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Narae lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nínú ìwé ìrìnnà. Mo sọ fún ara mi pé bí ọmọ bá lè ní ọjọ́ orí méjì tí kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ló burú nínú ẹ̀kẹta?

Mo jókòó ti Narae ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ́ ọ.

"Ọjọ́ orí ilé ìyá àgbà, mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Ti ìwé ìrìnnà?"

"Mẹ́fà."

"Ti Japan?"

Ó wò mí. "Èwo tún nìyẹn?"

"Márùn-ún. Bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́hùn-ún, na gbogbo ìka ọwọ́ rẹ kan sókè, kó o rẹ́rìn-ín."

Ó ro ó títí. "Mọ́mì, bí a bá wá lọ jìnnà ju Japan lọ, ṣé màá padà di ìkókó?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọmọ mi gbọ́n. Ó sì máa ń gbọ́ràn. Gbogbo ohun tí mo bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe, ó sì máa ń ṣe é dópin. Mo máa ń fi yangàn láàárín àwọn ìyá tó kù.

Ọjọ́ Ẹtì la wọ ọkọ̀ ojú omi. Yàrá olówó pọ́ọ́kú la gbà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sùn sí níbẹ̀, tàgbà tèwe. Mo ti se ẹyin, mo ti wé ìrẹsì sínú ewé òkun, mi ò ra nǹkan kan nínú ọkọ̀. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ́ káàdì ilé ìwé tó máa ń wà lọ́rùn Narae. Nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ "ìwé kìíní" gàdàgbà síwájú rẹ̀. Mo ní ta ló mọ ẹni tó lè kà á.

Ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tẹrí ba fún wa, ó wo Narae, ó béèrè nǹkan kan. Èmi ò gbọ́ èdè wọn ju "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣé" lọ. Narae na ìka márùn-ún sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà na tiẹ̀ náà sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ máa ń dùn.

Àmọ́ irọ́ kan kì í dá rìn. Nígbà tí Narae bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà Kòríà wa tí wọ́n kọ sára pátákó ibùdókọ̀ sókè, mo fún un lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. "Ọmọ ọdún márùn-ún kì í kàwé." Nígbà tó fẹ́ rọ́ ìtàn olùkọ́ rẹ̀ fún Taeo, mo ní kó dákẹ́. Ní ilé oúnjẹ àjẹyó, wọ́n gbé ṣíbí oníke kékeré wá fún un dípò igi ìjẹun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, pẹ̀lú aṣọ ìgbàtọ́ tí wọ́n ya òròmọdìẹ sí. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí.

"Mọ́mì, mo mọ igi ìjẹun lò."

"Fi ṣíbí jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n lò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún lóòótọ́."

"Narae!"

Ó so aṣọ ìgbàtọ́ mọ́rùn. Ó fi ṣíbí jẹun. Èmi ń ro iye tí mo jèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń fọ ìbọ̀sẹ̀ wọn nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó wá dúró tì mí.

"Mọ́mì, bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

Ó ti rẹ̀ mí. Taeo ti fi igbe fọ́ mi lórí láti òwúrọ̀. Mo dá a lóhùn bí ìyá ṣe máa ń dẹ́rù ba ọmọ kó lè lọ sùn: "Bí wọ́n bá mọ̀, ọlọ́pàá á wá mú Mọ́mì lọ. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn? Nítorí náà, pa ẹnu rẹ mọ́."

Ó lọ sùn.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Àìkú, a lọ wo ẹja. Narae rí ẹja kan tó tó bọ́ọ̀sì nínú gíláàsì, ó dúró níwájú rẹ̀, kò fẹ́ kúrò. Inú mi dùn. Mo ti ń wo bí yóò ṣe ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì tí ẹnu gbogbo àwọn tó ń pè é ní alágbe á fi wọhò.

Ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà ní ọ̀sán kún. Taeo wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń ké. Ó ti jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ, ojú rẹ̀ ti funfun. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí kọ̀ndọ́ tó ń bọ̀ láti iwájú ọkọ̀, fìlà lórí, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Ó rọra ń bọ̀. Lójú tèmi, gbogbo ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá Dain ò sọ fún mi pé ẹnì kan máa ń rìn yíká nínú ọkọ̀. Bóyá ó fẹ́ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ni, bóyá á ní kí n mú ìwé ìrìnnà wá. Mo tẹ ẹnu mọ́ Narae létí.

"Ṣé o rí ìyá arúgbó tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn? Lọ jókòó tì wọ́n. Má wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù, tó bá bi ọ́, o ò mọ̀ mí. Ṣé o gbọ́? Àfi ìgbà tí mo bá wá mú ọ."

"Mọ́mì..."

"Lọ!"

Ó lọ. Ó jókòó ti ìyá arúgbó náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì gbójú sílẹ̀.

Kọ̀ndọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó tẹrí ba nítorí pé kẹ̀kẹ́ ọmọ dí ọ̀nà díẹ̀, ó rọra yà á, ó kọjá. Kò wo ẹnikẹ́ni. Kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kàn ń lọ.

Kí n tó mí kanlẹ̀, Taeo bì. Ó bì sára kẹ̀kẹ́, ó bì sára ọwọ́ mi, ó bì sára bàtà ọkùnrin kan. Àwọn èèyàn fà sẹ́yìn. Ojú tì mí, mò ń bẹ̀bẹ̀, mò ń wá aṣọ ìnura nínú báàgì. Ọkọ̀ dúró, ilẹ̀kùn ṣí, ẹnì kan bá mi gbé iwájú kẹ̀kẹ́ náà, a gbé e jáde síta kí ọmọ lè rí atẹ́gùn.

Mo gbọ́ orin kékeré tí wọ́n máa ń fi kìlọ̀ pé ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé. Mo yíjú.

"Narae!"

Ilẹ̀kùn ti pa dé.

Mo rí i nínú gíláàsì. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu ọkọ̀ náà. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ló yíjú wò mí. Ọmọ mi nìkan ni kò wò mí, torí pé èmi ni mo ní kó má wò mí.

Ọkọ̀ lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé mo ń pariwo, mo ń nawọ́ sí ojú irin, ẹ̀bì Taeo ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan. Ọlọ́pàá méjì dé. Wọ́n pe ògbufọ̀ kan sórí fóònù, ohùn obìnrin àgbàlagbà, ẹni tó dájú pé ó ti pẹ́ ní Japan, torí pé èdè Kòríà rẹ̀ ti lọ́ díẹ̀.

"Màmá Narae, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Kí ni ọmọ náà wọ̀?"

Mo sọ fún wọn. Ẹ̀wù ofeefee, sòkòtò búlúù. Mo fún wọn ní ìwé ìrìnnà rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó ní fóònù lọ́wọ́, bóyá ó ní káàdì tí nọ́ńbà mi wà lára rẹ̀.

Káàdì náà wà nínú báàgì mi. Mo ń fọwọ́ kàn án bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn pé kò sí.

Ọkọ̀ ayára ni ọkọ̀ yẹn, kì í dúró ní gbogbo ibùdó. Wọ́n pe ibùdó tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn ò rí ọmọ tó dá wà. Wọ́n pe èyí tó tún tẹ̀ lé e. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ogójì kọjá. Mo pọn Taeo, ó sùn lọ lẹ́yìn mi, ooru ara rẹ̀ ń wọ̀ mí lára. Mò ń rí ọmọ mi lójú irin. Mò ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Mò ń rí ọkùnrin kan tó fún un lọ́wọ́, tí òun náà tẹ̀ lé e, torí pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Mo ń bẹ Ọlọ́run, èmi tí mi ò rántí orúkọ Rẹ̀ láti ọdún wo.

Ó lé ní wákàtí kan kí fóònù tó tún dún. Ọlọ́pàá gbọ́, ó mi orí. Ohùn ògbufọ̀ wọlé.

"Màmá Narae, wọ́n rí ọmọ kan ní ìparí ọ̀nà ọkọ̀."

Mo fò dìde.

"Ẹ fara balẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe tiyín. Ọmọ Kòríà ni, ó sì wọ ẹ̀wù ofeefee, àmọ́ ó ní ọmọ ọdún márùn-ún ni òun. Ìwé tí ẹ mú wá sọ pé mẹ́fà. Wọ́n fi ògbufọ̀ míì bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló mú un wá, òun àti àbúrò rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní òun ò mọ ìyá kankan níbí. Kò sì sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má sunkún, wọ́n ṣì ń wá tiyín."

Mo ti mọ̀ pé òun ni. Kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde tán lẹ́nu obìnrin yẹn ni mo ti mọ̀.

Ẹ gbọ́ òtítọ́, nítorí òun ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí: mo dákẹ́. Ọlọ́pàá wà níwájú mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Mo rí ẹ̀wọ̀n nílùú onílùú, mo rí ojú Kiho. Ìdákẹ́ mi kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife omi kan lọ, àmọ́ mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi láéláé. Ọmọ mi wà láàárín àjèjì, èmi ń ronú ara mi.

"Tèmi ni," mo ní.

"Ẹ kú sùúrù, ọjọ́ orí ò bára mu."

"Tèmi ni, mo ní! Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó sọ márùn-ún. Torí owó ọkọ̀. Èmi ni mo ní kó sọ pé òun ò mọ̀ mí."

Ògbufọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá Narae, ṣé kí n túmọ̀ gbogbo ìyẹn fún wọn?"

"Gbogbo rẹ̀."

Bí ó ṣe ń túmọ̀, bírò ọlọ́pàá dúró. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Tó bá jẹ́ pé ojú olè ló fi wò mí, ìbá sàn. Ojú ẹni tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ fún ló fi wò mí.

Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa lọ. Nínú yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀, mo rí Narae lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ṣokoléètì, kò ṣí i. Ìyá arúgbó inú ọkọ̀ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló fà á lé wọn lọ́wọ́, kò sì tíì lọ sílé.

Mo fẹ́ sáré. Ọlọ́pàá na ọwọ́ dí mi láyà. Ọlọ́pàá obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó gbé fóònù ògbufọ̀ sáàárín wọn.

"Ọmọ dáadáa, ṣé o mọ ìyá yìí?"

Narae gbójú sókè. Ó wò mí. Ó wo fìlà ọlọ́pàá tó dúró tì mí. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Rárá," ó ní. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ọmọ tí ẹ bí ti sẹ́ yín lójú ara yín rí? Mo ń pariwo pé "Narae, èmi ni, èmi ni!" Bí mo ṣe ń pariwo tó ni ọlọ́pàá ń fà mí sẹ́yìn tó. Wọ́n yẹ fọ́tò inú ìwé ìrìnnà wò. Ọmọ ọdún méjì ni Narae nígbà tí a yà á, fún ìrìn àjò kan tí a kò lè lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńlá ló wà nínú fọ́tò yẹn, kò jọ ọmọ gbígbẹ tó jókòó níbẹ̀.

Wọ́n ní kí n pe bàbá rẹ̀.

Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sùn ní Geoje ni Kiho wà. Ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù, abọ́ ìndómì lọ́wọ́. Ó rí ọlọ́pàá, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Kí ló dé? Àwọn ọmọ mi dà?"

Wọ́n kọ fóònù sí Narae.

"Narae! Ọmọ mi ni, ẹ jọ̀ọ́, Narae ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Narae, kí ló dé tí o ò dáhùn?" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Màmá Narae, kí lo ṣe fún un?"

Kò béèrè pé kí ló ṣe ọmọ. Ó béèrè pé kí ni mo ṣe fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fẹ́ mi, ó mọ ẹni tó fẹ́. Mo sọ fún un níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, pé mo purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kí n lè jẹ owó ọkọ̀ rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn wò mí títí mo fi gbójú sílẹ̀.

Ọlọ́pàá ní kí n lọ bá ọmọ náà. Àmọ́ Narae ò dìde. Ó rọ̀ mọ́ àga, ó ń wo fìlà ọkùnrin yẹn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Narae, ó ti tán. Èmi ni mo purọ́, kì í ṣe ìwọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. Èmi ni mọ́mì rẹ. O lè sọ ọ́ báyìí."

Ó tẹ̀ sí mi létí, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

"Ṣé wọn ò ní mú yín lọ?"

"Wọn ò ní mú mi."

"Ẹ ní bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á mú yín lọ. Ẹni mẹ́rin ló bi mí, márùn-ún ni mo sọ fún gbogbo wọn. Mi ò sunkún rárá, Mọ́mì, kí wọ́n má baà fura."

Fóònù ṣì ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó túmọ̀ ìyẹn. Mo gbọ́ tí ògbufọ̀ ń fọn imú.

Ìgbà yẹn ni Narae wá ké. Ó ké títí ó fi tọ̀ sára. Mo gbá a mọ́ra, Taeo jí lẹ́yìn mi, òun náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá arúgbó yẹn bá mi fi áńkáṣífù nu ojú ọmọ náà, ó ń sọ nǹkan kan. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní ọmọ náà di etí aṣọ òun mú láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbéra, kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan."

Wọ́n bá mi wí gan-an, mo fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀gá ibùdókọ̀ gba owó gbogbo ọkọ̀ tí Narae ti wọ̀. Owó náà ò tó ti oúnjẹ ọ̀sán kan. Mo tẹrí ba fún un títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.

A padà sílé. Kiho dúró dè wá ní èbúté, ó gbé Narae, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tí àwọn ọmọ sùn, ó ní, "Mi ò ní bá ọ jà. Ìwọ lo kọ́ ọ. Ìwọ náà ni kó o wá bí o ṣe máa tú u." Ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé bó bá nà mí lẹ́gba ìyẹn ìbá rọrùn.

Màmá Dain gbọ́, ó wá kí mi. Ó ní, "Àṣìṣe tìẹ ni pé o jẹ́ kó jìnnà sí ọ." Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọmọ rìnrìn àjò, bí owó yín ò bá tó, ẹ dúró sílé. Bí ẹ bá lọ, ẹ jẹ gúgúrú, ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi ẹnu ọmọ ṣe àpò owó yín. Ohun tí ẹ bá fi sí i ló máa gbé, á sì gbé e débi tí ẹ ò rò.

Ohun kan ló kù tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Kiho pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀ tí a dé Busan, kí a tó jáde bá Kiho, òṣìṣẹ́ tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà gbójú sókè. Ọkùnrin ọlọ́yàyà kan ni, ó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ bá ọmọ ṣeré lásán.

"Ẹ kú àbọ̀ o, arẹwà. Ṣé mọ́mì ẹ nìyí?"

Ìbéèrè tó rọrùn jù láyé nìyẹn. Narae ò dá a lóhùn. Ó yíjú sókè, ó ń wo ojú mi, ó ń dúró kí n sọ èyí tí òun máa sọ.